Tòmátì lọ́, ilá lọ́, àgbàdo dúró ṣinṣin: àkọsílẹ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé kan ní Akóbọ̀

Ìbéèrè tí àwọn onílé máa ń bi àwa tí a ń bá wọn wo ọgbà jù ni pé, "Oògùn wo ni kí n fín sí i?" Wọn kò tíì sọ ohun tó ń ṣe ewébẹ̀ wọn tán tí wọ́n á ti mú owó oògùn dání. Mo fẹ́ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan sílẹ̀ ní kíkún, nítorí pé ohun tó fà á wọ́pọ̀ ní àdúgbò ju bí a ṣe rò lọ, àti nítorí pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ ewé tó ń ṣàìsàn nìkan kò ní rí i. Àwọn ewé tí ohunkóhun kò ṣe ló sọ òótọ́ fún mi.

Màmá kan ló ni ọgbà náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn. Koríko ló kún iwájú ilé wọn, irú èyí tó ń rá mọ́lẹ̀ tí ewé rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì gráàsì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọgbà wà: bẹ́ẹ̀dì tòmátì méjì, ilá, ewédú, ùgù tó gun wáyà, àlùbọ́sà eléwé díẹ̀, àgbàdo ní etí ògiri, àti ewé tíì ní kọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì pílọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ilé náà ti ń wá. Ẹni tó bá ti ra tòmátì ní ọjà Bódìjà nígbà tó wọ́n á mọ̀ pé ọgbà báyẹn kì í ṣe ohun eré.

Màmá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ewé tòmátì ló wà níbẹ̀, ó ká jọ, ó fún, ó sì dojú kọ ilẹ̀. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀lé e: "Ágíríìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi dà báyìí. Wọ́n ní Ẹ̀bólà tòmátì ni."

Ẹ̀bólà tòmátì ni àwọn ènìyàn sọ kòkòrò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta, èyí tó ba oko tòmátì jẹ́ ní ilẹ̀ Àríwá ní 2016, débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ náà di pàjáwìrì. Kòkòrò yẹn kì í lọ́ ewé. Inú ewé ló ń gbẹ́, ojú ibi tó bá gbẹ́ á funfun, á gbẹ, á sì lu èso níhò. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ nínú fọ́tò Màmá. Mo sọ èyí fún wọn kí ẹ̀rù kan lè kúrò lọ́kàn wọn, torí ìmọ̀ràn ti pọ̀ lọ́rùn wọn. Aládùúgbò kan ti ní kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò, wọ́n sì ti rà á. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ ti ṣá, kí wọ́n tu gbogbo rẹ̀ kí wọ́n sì dáná sun ún. Ẹnìkẹta kò là á mọ́lẹ̀ tán, ó ní ojú ló wà nínú rẹ̀. Èyí wọ Màmá lára, torí kò tíì pẹ́ tí àlejò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń yin ilá wọn.

Bí a bá ní ká fi fọ́tò nìkan ṣe é, ó jọ àrùn tí àwọn kòkòrò funfun kéékèèké máa ń kó ran tòmátì, torí àrùn náà ń ká ewé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ewé kan kò lè fi ọgbà hàn. Mo dá Màmá lóhùn pé kí wọ́n má fín ohunkóhun, kí wọ́n má sì tu ohunkóhun, títí n óò fi dé. Ewébẹ̀ tí a bá ti tu kò lè jẹ́rìí mọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò kọ́kọ́ lọ sídìí tòmátì. Mo yí ọgbà ká, mo ń wá ohun tí ara rẹ̀ le. Àgbàdo ń dán. Ewé tíì ń dán. Àlùbọ́sà dúró ṣánṣán, kò sí ọ̀kan tó tẹ̀. Àwọn koríko wẹ́wẹ́ tó hù láàárín bẹ́ẹ̀dì náà wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n tòmátì, ilá, ewédú àti ùgù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ́, àsìkò kan náà sì ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yà. Àrùn ewébẹ̀ máa ń mọ ẹni tó ń bá jà. Èyí tó ń ká ewé tòmátì kì í bọ́ sára ùgù kó tún bọ́ sára ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilá ní tirẹ̀, ùgù ní tirẹ̀. Àgbàdo, ewé tíì àti koríko wá jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà. Ohun tó lè mú oríṣi ewéko mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì fo gbogbo ìdílé koríko dá, kì í sábà jẹ́ àrùn. Ọwọ́ ènìyàn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Mo rọra sọ èyí fún Màmá, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni mo ń bá bọ̀: ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń wí.

Mo já ewé ilá kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí. Ewé ilá máa ń fẹ̀, iṣan rẹ̀ a sì tàn ká láti ìdí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti pín sí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ, àwọn iṣan rẹ̀ sún mọ́ ara wọn, wọ́n ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí dé ṣóńṣó. Igi rẹ̀ lọ́, síbẹ̀ kò gbẹ. Nídìí tòmátì, ara igi ti là wẹ́wẹ́, ó sì yọ kókó kéékèèké. Àwọn ewé tó ti dàgbà kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ara àwọn ọ̀dọ́ ewé ni ìyà pọ̀ sí. Mo yí ewé náà dé, mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Kò sí kòkòrò, kò sí ẹyin, kò sí ihò.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀lé bẹ́ẹ̀dì tòmátì kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wọn ló lọ́, títí mo fi dé ìdí mẹ́rin tó kẹ́yìn. Mẹ́ta nínú wọn dára, ewé wọn tẹ́jú. Ẹ̀kẹrin ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, n óò padà sórí rẹ̀. Ìlọ́ náà kò rọra dínkù, ó kàn dúró níbẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó ṣá kì í dúró báyẹn.

Mo bi Màmá pé, "Kí lẹ fín sí wọn tó tán síbí?"

Wọ́n wò mí. "Mi ò fín kẹ́míkà kankan o. Omi dóńgóyárò ni. Ó tán kí n tó dé òpin, mo ní n óò ṣe ìyókù lọ́jọ́ mìíràn."

Wọ́n já ewé dóńgóyárò, wọ́n gún un, wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ohun tó dára ni, èmi náà máa ń sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n lò ó fún iná ara ewé àti kòkòrò wẹ́wẹ́ mìíràn. Kò sí bí omi dóńgóyárò ṣe lè sọ ewé ilá di báyẹn.

"Kí lẹ wá fi fín in, Màmá?"

"Tánkì ọmọ tó ń bá mi gé koríko ni. Sítọ́ọ̀ wa ló ń gbé e sí kó má baà máa rù ú kiri."

A lọ sí sítọ́ọ̀. Tánkì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìgò oògùn apakoríko sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti lé ní ìdajì. Ara ìgò náà ni wọ́n kọ orúkọ èròjà rẹ̀ sí: 2,4-D.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n: 2,4-D wà lára àwọn oògùn apakoríko tó pẹ́ jù lọ, àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́jà ní 1945. Ó ń ṣe bí èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, èyí tí ewéko máa ń pèsè fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó bá pọ̀ lára ewéko eléwé gbígbòòrò, apá kan igi á dàgbà ju apá kejì lọ, igi á lọ́, iṣan á dí, ó sì lè kú. Àgbàdo àti koríko lè tú u palẹ̀ nínú ara wọn kó tó ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fín in sí iwájú ilé, kó lè pa imí eṣú, abẹ́rẹ́ olóko àti pamámọ́, kó sì dá koríko sí. Tòmátì wà lára àwọn tí kò lè gbà á rárá. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sínú rọ́bà tánkì ti tó láti lọ́ ọ.

Síbẹ̀ mi ò tíì dá tánkì lẹ́bi, torí ọ̀nà méjì mìíràn wà tí oògùn náà lè gbà dé ẹ̀yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ lè gbé e láti iwájú ilé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òdòdó inú ìkòkò tó wà lẹ́bàá koríko ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ́, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Èkejì ni koríko gígé. Màmá máa ń kó koríko tí wọ́n bá gé, wọ́n á fi bo ìdí tòmátì kí ilẹ̀ má baà gbẹ. Àṣà tó dára ni, ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n ti fín 2,4-D sí lè gbé oògùn wọ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tòmátì tí kò lọ́ náà ní koríko gígé nídìí. Èyí tó kù ni láti mọ̀ bóyá wọ́n gé e ṣáájú kí wọ́n tó fín oògùn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ ọ́.

Màmá pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ kí a tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó dìde kó jókòó, pé ìtàn ni mo fẹ́ gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kọ́kọ́ gé koríko, mo kó o fún Màmá, kí n tó fín oògùn. Mo sì fọ tánkì o. Mo bu omi sí i, mo mì í dáadáa, mo dà á nù."

Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tí ẹni tó ta oògùn fún un kọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ́ ọ. Omi tí a bù sí tánkì tí a mì tí a sì dà nù kò gba inú rọ́bà kọjá, kò dé asẹ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀, kò dé ẹnu rẹ̀ tí omi ń gbà tú jáde. Ibẹ̀ ni oògùn ń dúró sí. Ọṣẹ tí Màmá fi sínú omi dóńgóyárò tún lè ràn án lọ́wọ́ láti ṣí kúrò níbẹ̀.

Láti fi ojú rí i, mo ní kí Màmá gbin ẹ̀wà sínú kọ́ọ̀bù ike, kí a pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀wà kì í pẹ́ hù, òun náà kì í sì í gba 2,4-D lára. Nígbà tí ewé méjì àkọ́kọ́ ti ṣí, a wọ́n omi ẹ̀rọ lásán sí ti àkọ́kọ́. A po omi dóńgóyárò tuntun nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a wọ́n ọn sí ìkejì láìjẹ́ kó kan tánkì. Ìkẹta, a rọ omi lásán sínú tánkì, a jẹ́ kó sun ibẹ̀, a fọ́n ọn láti ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì pè mí. Àwọn ti kọ́ọ̀bù kẹta ti tẹ orí, ọrùn wọn ti ká sísàlẹ̀. Àwọn yòókù dúró. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ewé tó ń yọ lára àwọn ti kẹta ti ń ká wọnú. Láti ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ojú tàbí ayé nínú ilé náà. Inú mi dùn jù lọ sí i pé ọkàn Màmá balẹ̀ sí àlejò wọn.

Ọ̀rọ̀ tó le ni ti jíjẹ. Ùgù náà lọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù, tòmátì kan sì ti ń pọ́n. Màmá ní, "Ṣé kò wá ṣeé fọ̀ jẹ ni? Ó ṣáà ń so." Mo ní kò ṣeé jẹ. Oògùn yìí ti wọ inú ewé, fífọ̀ kò lè mú un jáde. Wọn kò ṣe é fún ewébẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó lè dúró nínú ọgbà kó sọ iye tó wà nínú ewé kan. Ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ ti ń wá jẹun kọ́ ni a ti ń dán an wò. A tu gbogbo èyí tí wọ́n fín, a kò fún ewúrẹ́, a kò sì kó o sí ààtàn tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀. Kòtò ni a gbẹ́ fún un ní apá tí wọn kì í gbin nǹkan sí. Ó dun Màmá, ó dun èmi náà. Ewédú yẹn ti tó já.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní láti dáná sun. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ló ń jẹ 2,4-D, nínú ilẹ̀ tó gbóná tó sì ní omi dáadáa bíi ti Ìbàdàn lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń gbà. Mo ní kí wọ́n máa bomi rin bẹ́ẹ̀dì bí òjò kò bá rọ̀, kí wọ́n sì sọ ẹ̀wà díẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Bí ẹ̀wà bá hù tó lọ́, kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Bó bá hù tó tẹ́jú, kí wọ́n gbin ohun tó bá wù wọ́n.

Tòmátì kẹrin tó wà ní òpin bẹ́ẹ̀dì kejì: òun nìkan ni kò ga, etí ewé rẹ̀ pọ́n bíi yẹ́lò, ewé rẹ̀ kéré ó sì ká sókè, àwọn kòkòrò funfun sì fò jáde nígbà tí mo mì í. Èyí gan-an ni àrùn ìká-ewé tí fọ́tò àkọ́kọ́ jọ. Ohun méjì lè ṣe ọgbà kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yẹ kí èyí tó tóbi bo èyí tó kéré mọ́lẹ̀. A tu òun náà. Bó bá jẹ́ pé àrùn báyẹn ló gba gbogbo ọgbà ni, NIHORT ni mo máa ní kí wọ́n gbé e lọ, ilé ìwádìí ewébẹ̀ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ní Ìdí-Iṣin ní Jericho níbí. Ẹni tó bá máa gbé ewéko lọ fún àyẹ̀wò, kó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó fi ìwé ìròyìn wé e. Nínú ọ̀rá, á làágùn, á sì ti jẹrà kó tó débẹ̀.

Mo kúrò lẹ́yìn ilé, mo wá sí iwájú, torí ibẹ̀ ni oògùn ti wá. Kí ló dé tí koríko náà fi nílò 2,4-D? Ọmọkùnrin náà ń gé e kanlẹ̀, kó lè pẹ́ kí wọ́n tó tún pè é. Àwọn onílé ló sì ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Koríko tí a gé kanlẹ̀ kò ní ewé tó máa fi ṣe oúnjẹ, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jìn, ilẹ̀ á ṣí, oòrùn á wọlé, imí eṣú á sì hù sójú ibi tó ṣí. Níbi tí ọkọ̀ Màmá máa ń dúró sí, ilẹ̀ ti le, pamámọ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Mo ní kí ó gbé abẹ ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, kí koríko ga tó nǹkan bí íǹṣì méjì lẹ́yìn gígé, kó má sì máa gé ju ìdá mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n hú koríko burúkú lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ìgbà yẹn ni gbòǹgbò ń tẹ̀lé e. Ibi tó ṣí, kí wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n já ẹ̀ka kápẹ́ẹ̀tì gráàsì tó ń rá, kí wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Màmá ní àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ju oògùn lọ. Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà pé owó òun máa dínkù, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Màmá fi owó híhú koríko kún owó rẹ̀.

Tánkì náà kò tún ní kan ewébẹ̀ mọ́. A lè fi ọṣẹ àti ammonia, omi kẹ́míkà olóòórùn líle tí wọ́n fi ń fọ nǹkan, fọ tánkì 2,4-D, kí a fún un gba rọ́bà àti ẹnu rẹ̀ jáde, kí a jẹ́ kó mọ́jú, kí a ṣàn án léraléra. Ṣùgbọ́n fún ọgbà ilé, ohun tí mo máa ń sọ ni kí tánkì apakoríko wà lọ́tọ̀. A fi ọ̀dà pupa kun tirẹ̀. Màmá ra kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, wọ́n sì gbé e sí inú ilé ìdáná.

Ohun kan wà nínú sítọ́ọ̀ yẹn tó bà mí lẹ́rù ju tánkì lọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wà nílẹ̀, omi aláwọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí ìwé lára rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní òun ló bu ìyókù oògùn kan sínú rẹ̀, kò sì rántí èwo ni. Ọmọdé tó bá rí ìgò yẹn á mu ún. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sí i lára lójú ẹsẹ̀, kó tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó títí a ó fi rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wa, kó má dà á sínú gọ́tà. Láti ìgbà náà, nínú ìgò rẹ̀ gan-an, tí ìwé àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ni kó máa tọ́jú oògùn sí.

Ní ọjọ́ tí a rí èsì ẹ̀wà, ọmọkùnrin náà kò tètè lọ. Ó ní òun ti yá ilé kan ní òpópónà kejì ní tánkì yẹn, wọ́n fi fín oògùn kòkòrò sí ìbẹ́pẹ. A jọ lọ síbẹ̀. Ewé orí ìbẹ́pẹ náà ti fún, ọrùn ewé ti wọ́ sílẹ̀, onílé sì ti ra ajílẹ̀ torí wọ́n rò pé oúnjẹ ni igi ń fẹ́. Mo ní kí wọ́n dá ajílẹ̀ dúró, kí wọ́n má jẹ èso tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n máa wo orí rẹ̀: bí ewé tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní fífẹ̀, igi náà yóò yè. Ó rántí ilé kan sí i nígbà tí a ń bọ̀, ó sì ti sọ fún wọn pé a ń bọ̀ wá wò ó.